Ohùn Inú Kásẹ́ẹ̀tì

Ọdún 2004 ni wọ́n gbé Adégbóyèga kúrò ní Òṣogbo lọ sí Port Harcourt. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni nígbà náà, akọ̀wé àgbà ní ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ kan. Rẹ̀mí ìyàwó rẹ̀ ń ṣe tíṣà ní Òṣogbo, kò sì lè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ wọn méjèèjì ń múra ìdánwò. Wọ́n jókòó, wọ́n jọ rò ó, wọ́n ní kí ó máa lọ ná, bóyá láàárín ọdún kan wọ́n á dá a padà. Ó gba yàrá àti pálọ̀ kan ní Mgbuoba. Ó ra bẹ́ẹ̀dì, ó ra sítóòfù, ó ra àga méjì. Ọ̀kan nínú àga náà, aṣọ tó bá ti fọ̀ tó gbẹ ló ń kó lé e lórí.

Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, kò burú. Ọ́fíìsì kún fún èèyàn. Ọjọ́ Sátidé ló máa ń le. Tó bá ti kí ìyá tó ń ta búrẹ́dì níwájú ilé láàárọ̀, tí ìyá náà sì dáhùn pé, "Morning, Oga Yoruba," ó lè má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Ní Sátidé kan, ó fẹ́ pe ẹni tó ń ta epo sítóòfù láti ojú wíńdò. Ó la ẹnu, ohùn kò jáde. Ó ní láti wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ohùn tó wá, oníepo sì ti kọjá lọ. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́. Ẹ̀rù bà á díẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó sọ fún Nùrẹ́nì, ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n jọ wà ní ọ́fíìsì, pé òun fẹ́ wá iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí òun lè máa ṣe lọ́jọ́ Sátidé, kí òun ṣe èèyàn lóore.

Nùrẹ́nì rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ tí ìjọba ń gbé fún wa yìí kò tó yín ni?" Ìgbà tó rí i pé ọ̀gá náà kò rẹ́rìn-ín, ó dá ẹ̀rín tirẹ̀ dúró. "Ilé àwọn ọmọ aláìníyàá kan wà lọ́nà ilé wa. Ẹ lọ bi wọ́n níbẹ̀."

Adégbóyèga lọ. Ìyá tó ń ṣe àbójútó ilé náà gbà á ní ẹnu ọ̀nà, kò jẹ́ kó wọlé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Na you one come?"

"Na me one, ma."

"Your wife nko?"

Ó ní ìyàwó òun wà ní Òṣogbo. Ìyá náà wò ó, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Oga, no vex. Man wey come alone, we no dey put am with pikin. If you get rice or provision, we go collect am, we go write your name."

Kò bínú. Òun náà bí ọmọbìnrin, ó sì mọ ìdí tí ìyá náà fi sọ bẹ́ẹ̀. Ó lọ ra àpò ìrẹsì kékeré kan, ó gbé e wá. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, wọ́n dúpẹ́. Ìgbà tó délé ni ó rí i pé kì í ṣe ọpẹ́ ni òun wá lọ. Ó fẹ́ kí ẹnì kan sọ fún òun pé, "Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Lẹ́yìn ìyẹn, ó rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, pé ẹgbẹ́ kan yóò kó ìdọ̀tí inú gọ́tà nítòsí ọjà Creek Road, kí ẹni tó bá fẹ́ ran wọ́n lọ́wọ́ wá ní aago méje àárọ̀ Sátidé. Ó ra ṣọ́bìrì àti bàtà òjò. Aago méje lù, kò sẹ́nìkan. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án lù, ọkùnrin méjì dé, wọ́n ní alága wọn rin ìrìn àjò, wọ́n sì lọ. Adégbóyèga wo ṣọ́bìrì ọwọ́ rẹ̀. Ó ti jìnnà sílé, ó sì ti múra. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó gọ́tà náà ní òun nìkan.

Obìnrin kan tó ń ta gàárì bi í bóyá ará káńsù ni. Ó ní rárá.

"Who come send you?"

"Nobody."

Obìnrin náà wò ó fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ kúrò. "Oya, clear this side join."

Ó kó ẹ̀gbẹ́ náà pẹ̀lú. Ní ọ̀sán, ó fọ ẹsẹ̀, ó wọ mọ́tò padà sí Mgbuoba. Ìbàdí ń dùn ún. Gbogbo ọjà yẹn, kò sẹ́ni tó béèrè orúkọ rẹ̀.

Choba ló ti wá rí ohun tó ń wá. Ọ́fíìsì rán an ní lẹ́tà lọ sí yunifásítì, ó sì yà síbi tí wọ́n ti ń ṣe fótókọ́pì. Wọ́n lẹ bébà kékeré kan mọ́ ojú gíláàsì níbẹ̀: à ń wá àwọn tó lè ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì ketekete sínú kásẹ́ẹ̀tì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran. Nọ́mbà fóònù wà nísàlẹ̀. Ó dà á kọ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ẹni tó ni nọ́mbà náà ń jẹ́ Mísísì Wóbò, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ikwerre. Yàrá kan lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Choba ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Ó to kásẹ́ẹ̀tì sórí pákó láti ilẹ̀ dé òkè àjà. Ó fún Adégbóyèga ní ìwé ìròyìn pé kó kà á, ó di ojú rẹ̀, ó ń gbọ́.

"Yoruba dey inside," ó sọ nígbà tó parí, "but e clear. Only say you dey read like person wey dey announce burial. Make you free small."

Ó fún un ní ìwé ìtàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó nípọn, kásẹ́ẹ̀tì òfìfo mẹ́wàá, àti rédíò tó ń gba ohùn sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ lo ìwé náà ń jẹ́ Ibinabo, ọmọ Buguma, tí ojú rẹ̀ fọ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá. Mísísì Wóbò kọ́ Adégbóyèga ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é: kó máa pe ojú ìwé, kó máa pe lẹ́tà orúkọ tó bá le lọ́kọ̀ọ̀kan, tó bá ṣàṣìṣe, kó sọ pé òun ṣàṣìṣe, kó tún un kà.

Láti ọjọ́ yẹn, Sátidé rẹ̀ yí padà. Á jẹun àárọ̀, á ti wíńdò nítorí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, á jókòó ti tábìlì, á bẹ̀rẹ̀. Láàárín wákàtí mẹ́ta, ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde pọ̀ ju èyí tó ń sọ láti Sátidé dé Sátidé tẹ́lẹ̀. Nígbà mìíràn á dúró láàárín ojú ìwé, á ní, "Ibinabo, orúkọ ìlú yìí, báyìí ni wọ́n ṣe ń pè é," ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹni pé ọmọ náà jókòó níwájú rẹ̀. Kò tíì rí i rí. Mísísì Wóbò ló ń gba kásẹ́ẹ̀tì, Mísísì Wóbò ló ń fún un ní òfìfo.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Ní Sátidé kan, Mísísì Wóbò na kásẹ́ẹ̀tì kan sí i. "The girl say make I give you. I no listen am o."

Ó délé, ó fi í sínú rédíò. Ohùn ọmọbìnrin kan jáde, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ohun tó sọ nìyí:

"Ẹ káàsán, sà. Èmi Ibinabo ni. Ẹ ṣeun fún orí kẹrin. Ìgbà tí ẹ ka orí kẹrin tán, ẹ gbàgbé láti pa rédíò. Mo rò pé ẹ ṣì ń padà bọ̀ sínú ìwé, ìyẹn ni mo fi ń gbọ́ ọ lọ. Èdè yín ni ẹ fi ń sọ̀rọ̀, kò sí èyí tó yé mi níbẹ̀, kí ọkàn yín balẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹ ń gbé abọ́. Mo gbọ́ tí ẹ pe orúkọ èèyàn méjì, tí ẹ bi wọ́n ní nǹkan, tí ẹ dákẹ́ díẹ̀, tí ẹ tún sọ̀rọ̀. Mo wá ń retí ẹni tó máa dáhùn. Mo gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà títí ó fi tán. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo ní kí n sọ fún yín pé mo gbọ́ ọ. Kò yẹ kí n mọ̀ ọ́n kí ẹ má mọ̀ pé mo mọ̀."

Adégbóyèga pa rédíò. Kò mọ̀ pé òun ń sọ̀rọ̀ nínú ilé. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ dùn ún. Ó jókòó, ó ń wá a nínú orí rẹ̀ títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rántí: pé òun máa ń sọ fún Rẹ̀mí pé ata ọbẹ̀ ti pọ̀ jù, pé òun máa ń bi Tèmiolúwa ọmọ òun bóyá ó ti lọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó ń sọ ọ́ sókè, tábìlì kan àti abọ́ kan ló wà níwájú rẹ̀.

Ojú tì í. Sátidé mẹ́ta ni kò fi lọ sí Choba, kò sì ka nǹkan kan. Ó máa ń jẹun, á di ẹnu rẹ̀ pọ̀, á ṣọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ olè. Ilé náà wá dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Mísísì Wóbò pè é. "Mr. Adegboyega, the girl get exam for June. If you no go do am again, bring the book come." Ó tún fi kún un pé, "But I never see another person."

Ó kó ìwé náà, ó lọ. Inú ọkàn rẹ̀, ó ń lọ dá a padà ni. Ìgbà tó dé ẹ̀yìn ilé, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ọ̀pá funfun wà láàárín orúnkún rẹ̀. Adégbóyèga dúró. Ó kàn wúkọ́, bó ṣe máa ń ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé.

"Ẹ ti dé, sà," Ibinabo wí.

Ó jókòó sí etí kejì bẹ́ǹṣì. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n jọ ń sọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó bi í pé, "Kásẹ́ẹ̀tì yẹn, kí lo fi í ṣe?"

"Mo ti gba ẹ̀kọ́ kíláàsì lé ibi tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀ yẹn lórí. Ó ti parẹ́." Ó yí ojú sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ṣé ẹ bínú ni?"

"Ojú tì mí."

Ibinabo mi orí. Ó ní nígbà tí ojú òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́, àwọn ará ilé òun máa ń dìde kúrò nínú yàrá láì sọ fún òun. Wọn kò ṣe é ní ìkà, wọ́n kàn ń gbàgbé ni. Òun á máa bá wọn sọ̀rọ̀ lọ, ọ̀rọ̀ á gùn, òun á wá béèrè nǹkan, kò ní sí ìdáhùn. "Ọdún méjì ni mo fi ń bá àwọn tó ti jáde sọ̀rọ̀, sà. Mo mọ bí ó ṣe máa ń rí létí. Ìdí tí mo fi dá a mọ̀ nìyẹn."

Kẹ̀kẹ́ kan kọjá lójú títì. Adégbóyèga ṣí ìwé orí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wá ibi tó kà dé.

"Orí karùn-ún gùn," ó wí. "Ṣé kí n pín in sí méjì?"

"Ẹ pín in."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ó pe Òṣogbo. Àwọn ọmọ kí i, wọ́n sáré lọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ìgbà tí fóònù dé ọwọ́ Rẹ̀mí, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kásẹ́ẹ̀tì, ọmọbìnrin náà, Sátidé mẹ́ta tí kò fi kàwé.

"Dádì Tèmi," Rẹ̀mí wí, "kí lẹ wá ń sọ fún mi níbẹ̀?"

"Mo ní ata pọ̀ jù."

"Kí ni mo fi dá yín lóhùn?"

"O ò dá mi lóhùn."

Ó gbọ́ bí Rẹ̀mí ṣe mí. "Èmi kì í sọ̀rọ̀ ní tèmi," Rẹ̀mí wí. "Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo ṣì ń sùn, mo ń fi àyè yín sílẹ̀. Ẹ máa bá mi sọ ọ́ lórí fóònù, kódà tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ata." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un bí ó ṣe se ọbẹ̀ ọjọ́ náà. Káàdì tán kí ó tó sọ ọ́ dé ìdajì.

Ibinabo yege ìdánwò rẹ̀. Nígbà tó jáde ní 2007, ó padà sí Buguma, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn. Ó pe Adégbóyèga lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà nọ́mbà rẹ̀ kò lọ mọ́, Mísísì Wóbò náà kò ní òmíràn.

Lẹ́tà ọ́fíìsì tí yóò dá Adégbóyèga padà sílé kò dé lọ́dún yẹn, kò dé lọ́dún tó tẹ̀lé e. Wọ́n fún un ní akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, ọmọ sójà kan tó ń jẹ́ Abdulwahab, tó ń kọ́ ìmọ̀ ọrọ̀ ajé. Abdulwahab kì í ránṣẹ́, kì í dúpẹ́, kì í ṣàròyé. Tí Adégbóyèga bá béèrè rẹ̀, Mísísì Wóbò á ní, "E pass," ọ̀rọ̀ tán. Ìwé rẹ̀ kún fún tábìlì, nọ́mbà lórí nọ́mbà, èyí tí kò rọrùn láti kà fún ẹni tí kò ríran. Adégbóyèga gbé omi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní Sátidé, ó sọ orúkọ òpó nọ́mbà kọ̀ọ̀kan, ó sì kà wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kí ẹni tó ń gbọ́ lè ráyè kọ ọ́ sílẹ̀.