Ẹni Tó Da Omi Sínú Ẹ́ńjìnnì

Jọláyẹmí mẹkáníìkì fa géèjì ọ́ìlì jáde, ó fi àkísà nù ún, ó tì í bọ inú ihò rẹ̀ padà, ó tún fà á jáde. Ó kàn nà án sí Mojíbọ́lá bí ẹni ń fi egbò ara ọmọ han ìyá rẹ̀.

Ohun tó wà lẹ́nu irin náà kò jọ ọ́ìlì rárá. Ó ti funfun, ó ki, ó dà bí ògì tí wọ́n da mílíìkì sí.

“Omi ló dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, mà,” ni Jọláyẹmí wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. “Kì í sì í ṣe pé ó jò láti inú. Ẹ wo ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, omi ṣì wà lára ẹ̀. Ẹnì kan ló ṣí i, tó bu omi síbẹ̀, omi ọ̀hún sì pọ̀. Ta ló fọwọ́ kan mọ́tò yìí láàárọ̀?”

Mojíbọ́lá yíjú wo abẹ́ igi máńgòrò. Níbẹ̀ ni Tíṣà ọkọ rẹ̀ jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì, ó so táì mọ́rùn, ó gbé Bíbélì àti ìwé orin lé itan, ó ń retí kí wọ́n pe òun pé mọ́tò ti ṣe tán. Ìsìnkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Òkúkù ni wọ́n ń lọ. Wọn ò tí ì jìnnà sí Inísà tí mọ́tò fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín funfun, ó húkọ́ bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun, ó sì kú sójú títì, níwájú ṣọ́ọ̀bù Jọláyẹmí.

Ta ni kò mọ Tíṣà Titus Ajíbádé mọ́ mọ́tò yìí ní Inísà? Láti ìgbà tó ti rà á, kò sí òwúrọ̀ tí kì í ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kó tó ṣíná sí i. Á wo omi, á wo ọ́ìlì, á fẹsẹ̀ ta táyà, á tẹ bíréèkì wò. Ẹni tó bá ń kọjá lọ pàápàá kò ní í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Á ní: “Wá níbí. Mọ́tò ò lẹ́nu tó lè fi sọ pé òǹgbẹ ń gbẹ òun. Ìwọ tó o ni ín ló yẹ kó o máa bi í.” Jọláyẹmí alára ti jẹ́ ọmọ kíláàsì rẹ̀ rí, etí ara rẹ̀ ló fi gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kó tó di ọ̀gá nídìí mọ́tò.

Ó ti pẹ́ tí Mojíbọ́lá ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ọkọ òun. Ọjọ́ kan wà tí Tíṣà ní òun ń lọ ra búrẹ́dì ní Ìkìrun, ìlú Ìbà ló ti bá ara rẹ̀, kò sì mọ ohun tó wá ṣe níbẹ̀. Ọjọ́ mìíràn, ó bu iyọ̀ sínú tíì, ó mu ún tán, kò sọ nǹkan kan. Mojíbọ́lá ń bò ó mọ́lẹ̀. Bí Jemima ọmọ wọn bá pè láti Ìbàdàn, á ní, “Bàbá ẹ wà dáadáa, wọ́n ń sùn ni.” Ọ̀rọ̀ kan ló ń bà á lẹ́rù, ọ̀rọ̀ tí ará àdúgbò kì í pẹ́ lẹ̀ mọ́ àgbàlagbà lára: ó ń ṣarán. Ẹni náà ì báà kọ́ gbogbo ìlú níwèé, bí wọ́n bá ti pè é bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ á máa pa ọmọdé.

Ṣùgbọ́n tòní ju iyọ̀ inú tíì lọ. Àwọn ọmọ aládùúgbò ni Tíṣà fi ń kún mọ́tò yìí láràárọ̀, tó ń gbé wọn lọ sílé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó fi ibi ọ́ìlì pe ibi omi lónìí, ó lè fi tọ́rótù pe bíréèkì lọ́la.

Tíṣà ti dìde, ó ń bọ̀ wá bá wọn.

“Jọláyẹmí, kí ló ṣe é? Mo ṣáà yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀. Mo wo ọ́ìlì. Mo tiẹ̀ tún bu omi kún un.”

Jọláyẹmí wo ilẹ̀.

“Bàbá Jemima, ẹ má bínú,” ni Mojíbọ́lá wí. “Èmi ni.”

“Ìwọ ni kí ni?”

“Nígbà tẹ́ ẹ wọlé lọ so táì, mo ní kí n bá yín bu omi sí i. Ibi ọ́ìlì ni mo bu ú sí. Mi ò mọ̀.”

Tíṣà kò pariwo. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì, iwájú àti ẹ̀yìn.

“Mojí,” ó wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, “ó dá ẹ lójú pé ìwọ ni?”

“Ó dá mi lójú, sà.”

Èémí tí Tíṣà mí sílẹ̀ nígbà náà, Mojíbọ́lá kò ní í gbàgbé rẹ̀. Àyà rẹ̀ balẹ̀, ojú rẹ̀ là, ó sì bú sẹ́rìn-ín. “Jọláyẹmí, o rí ìyàwó tí mo fẹ́? Látọjọ́ tá a ti ń gun mọ́tò yìí, ẹ̀gbẹ́ mi ló ń jókòó sí o! Kò mọ ibi omi yàtọ̀ sí ibi ọ́ìlì!” Ó ń rẹ́rìn-ín títí tó fi padà sábẹ́ máńgòrò.

“Mo lè tú u, mà,” ni Jọláyẹmí wí. “Bí mo bá fọ inú ẹ̀ mọ́, á tún ṣiṣẹ́.”

“Má tú u.”

“Ẹ ní kí ni?”

“Sọ fún wọn pé ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, kò ṣeé ṣe mọ́. Sọ pé ìyàwó wọn ló bà á jẹ́.”

Ọkùnrin náà fi àkísà tó dọ̀tí yẹn nu ojú. “Tíṣà ló kọ́ mi ní A, B, D, mà. Ṣé irọ́ wá ni kí n fi san án fún wọn?”

“Èmi ni mo pa irọ́ náà. Ìwọ ṣáà má tú àṣírí mi.”

Wọ́n fi mọ́tò mìíràn wọ́ ti Tíṣà padà sí Inísà, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilé.

Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, Tíṣà wọ bàtà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Mojí, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò dà? Àwọn ọmọ á pẹ́ lẹ́yìn o.”

Mojíbọ́lá rò pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lòun máa jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí òun kò ṣẹ̀. Kò mọ̀ pé àràárọ̀ ni. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Irọ́ tirẹ̀ kò tiẹ̀ ráyè lọ síbì kan, ojoojúmọ́ ló ń tún un pa. Bó bá sì ti sọ ọ́, tuntun ni létí Tíṣà. Lọ́jọ́ kan á jágbe mọ́ ọn, lọ́jọ́ mìíràn á rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kan wà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó sunkún nítorí mọ́tò náà bí ọmọdé, Mojíbọ́lá jókòó tì í, wọ́n jọ sunkún. Àwọn tí ọmọ wọn ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé báyìí kò ṣàì sọ tiwọn pé: “Ìyá Jemima ló ba mọ́tò Tíṣà jẹ́. Kí ló gbé obìnrin débẹ̀?” Ó gbọ́, ó sì gbà á mọ́ra. Ó sàn kí wọ́n pe òun ní òpè.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́. Tíṣà jí, ó wẹ̀, ó jókòó sídìí tábìlì, ó ń mu tíì. Kò bèèrè kọ́kọ́rọ́. Mojíbọ́lá dúró. Ìbéèrè tó ti ń rẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, òun ló wá ń wù ú gbọ́.

“Bàbá Jemima, ẹ ò bèèrè mọ́tò lónìí.”

“Mọ́tò wo?”

“Mọ́tò tó wà níta yẹn. Èyí tẹ́ ẹ fi ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé.”

Tíṣà na ọrùn, ó wo ìta láti ojú fèrèsé. Ó tún yíjú padà sí tíì rẹ̀.

Ẹnu Mojíbọ́lá ti mọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó jáde fúnra rẹ̀. “Èmi ni mo bà á jẹ́. Ibi ọ́ìlì ni mo bu omi sí. Ẹ má bínú.”

Tíṣà rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ẹ̀rín ọmọlúàbí.

“Kò burú, mà,” ó wí. “Ẹ má jẹ́ kó dùn yín jù. Ẹni tó ni ín á dárí jì yín.”

Látọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ, yálà wọ́n ń ṣeré ni o, yálà wọ́n ń jà ni o, Tíṣà kò fi “ẹ̀yin” bá a sọ̀rọ̀ rí. Àlejò ló ń fi í bá sọ̀rọ̀. Mojíbọ́lá wọ yàrá lọ, ó gbé fóònù, ó pe Ìbàdàn.

“Màmá, ẹ káàárọ̀ mà. Bàbá ńkọ́?”

Èsì tó máa ń fún un ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì.

“Jemima,” ó wí, “wá sílé. Irọ́ ni mo ti ń pa fún ẹ.”