Ọdún Mẹ́rin Tó Ṣófo

“Ẹ rẹ́rìn-ín, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí i. Kì í ṣe ilé òkú la fẹ́ lọ.”

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. Òun gan-an mọ̀ pé ẹ̀rín orí ahọ́n lásán ni, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó jókòó sí òdì kejì tábìlì mi orí bí ẹni pé nǹkan ti ń bọ̀ sípò. Iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni kó máa ran àwọn tó ń wáṣẹ́ lọ́wọ́. Á bá wọn tún ìwé ìwáṣẹ́ wọn kọ, á kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa wọlé, bí wọ́n ṣe máa jókòó, àti ohun tí wọ́n máa sọ níwájú àwọn agbanisíṣẹ́. Nítorí pé kì í sọ̀rọ̀ méjì kó má fi “ẹ rẹ́rìn-ín” sí i, àwọn tó ń gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ rẹ̀ ti sọ ọ́ ní Ẹ-Rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ dàgbà ju ọmọ tí Akọ̀wé bí lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kì í bèèrè ọjọ́ orí ẹni tó gbé omi wá, bẹ́ẹ̀ ni Akọ̀wé ṣe sọ fún ara rẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ débẹ̀.

“Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Mà, mo rí i pé ẹ ti jẹ́ akọ̀wé fún ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó wú mi lórí gan-an. Ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mi ò rí nǹkan kan níbí. Ó ṣófo. Kí lẹ ń ṣe?”

“Ọkọ mi ló ṣàìsàn. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí n lè…”

“Rárá, Mà.” Ẹ-Rẹ́rìn-ín gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò le rárá. Ká ní ó tiẹ̀ le ni, ì bá sàn fún Akọ̀wé. “Ẹ má bínú sí mi. Tẹ́ ẹ bá ti sọ bẹ́ẹ̀, wọn ò ní gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́. Ohun tí wọ́n máa gbọ́ ni pé obìnrin yìí á máa tọrọ àyè, pé lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀, ilé ló máa sá lọ. Ọjọ́ orí yín nìkan ti tó ohun tí wọ́n á máa wò. Ẹ ò gbọdọ̀ tún gbé aláìsàn lé e.”

“Ọkọ mi ni. Kì í ṣe ẹrù.”

“Èmi mọ̀, Mà. Àwọn ni kò mọ̀.”

Òótọ́ lọ̀rọ̀ náà, ìyẹn ló sì ń dun Akọ̀wé. Ó ti jókòó níwájú àwọn agbanisíṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà kí ọmọ rẹ̀ tó mú un wá síbí, gbogbo rẹ̀ ló sì máa ń lọ geere títí wọ́n á fi débi ìbéèrè yìí. Ojú wọn á rọ̀, wọ́n á kí i kú ìtọ́jú, wọ́n á ní Ọlọ́run á fún bàbá ní àlàáfíà. Wọ́n á ní àwọn á pè é. Ẹnì kan ò pè é rí.

“Ẹ ò tiẹ̀ bá ẹnikẹ́ni tẹ ìwé nílé?” ni Ẹ-Rẹ́rìn-ín bi í.

“Mo bá ọmọ aládùúgbò wa tẹ iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀ nígbà kan. Nípa ọ̀pọ̀lọ́ ni.”

“Ó parí! Ẹ ń ṣe òwò ara yín. Ẹ ń tẹ ìwé fún àwọn ènìyàn láti ilé, ẹ sì ti wá rí i báyìí pé àárín àwọn òṣìṣẹ́ ló wù yín láti padà sí.”

Akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín láìròtẹ́lẹ̀. “Òwò ọ̀pọ̀lọ́!”

“Ẹ wò ó, ẹ̀rín tí mo ń bẹ̀ yín fún láti àárọ̀ nìyẹn.” Òun náà rẹ́rìn-ín, ó wá rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ amúlétutù ti ní kẹ́ ẹ wá lọ́la. Ẹ lọ fi sẹ́nu dáadáa, Mà. Kó má ṣe dà bí ohun tẹ́ ẹ kọ́ sórí.”

*

Ọkọ Akọ̀wé ló fún un ní orúkọ yẹn nígbà tí wọ́n ṣì ń fẹ́ra sọ́nà, tí àdúgbò sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ọkọ náà fúnra rẹ̀ ló ń gba ènìyàn síṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá kan láyé ìgbà tí ara rẹ̀ dá. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n ni, aláwàdà, tí kì í wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọn ò lọ̀. Tó bá dé láti ibi iṣẹ́, á máa sín àwọn tó wáṣẹ́ jẹ fún ìyàwó rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kólòlò, bí wọ́n ṣe ń nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín títí oúnjẹ á fi tutù.

Ní báyìí, orí àga onítáyà ló ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò gbé nǹkan mọ́, ọ̀rọ̀ sì ń ti ẹnu rẹ̀ jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Ohun tí wọ́n fi pamọ́ ti lọ sórí oògùn. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ló ń gbé ilé náà ró, òun náà sì ti ní ọkọ àti ọmọ tirẹ̀. Ó ti rẹ ọmọ náà. Kò sọ ọ́ rí, ṣùgbọ́n ìyá ò ní ṣàìrí i lójú ọmọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ládùúgbò ti gbà láti máa wá tọ́jú bàbá tí Akọ̀wé bá ríṣẹ́. Tí kò bá sì rí i, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó kàn.

Lọ́jọ́ yẹn, ọmọ náà yà sílé lẹ́yìn iṣẹ́. Bàbá ti sùn nínú yàrá. Ọmọ fa àga sí àárín pálọ̀, ó wọ gíláàsì ìyá rẹ̀, ó káwọ́ lé tábìlì bí ọ̀gá.

“Mà, kí lẹ ń ṣe láti ọdún mẹ́rin yìí?”

“Òwò ara mi ni mo ń ṣe. Mò ń tẹ ìwé fún àwọn oníbàárà láti ilé.”

“Ẹ̀rù ń bà yín, Mọ́mì. Ó ń hàn. Ẹ tún un sọ.”

Wọ́n tún un sọ, wọ́n tún un sọ. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lẹ́nu Akọ̀wé. Ó fi oníbàárà kún oníbàárà, ó ní òun kì í tiẹ̀ rójú ráyè.

“Ẹ ò ní ohun tó ń dí yín lọ́wọ́ nílé, àbí?”

“Kí ló fẹ́ dí mi lọ́wọ́?”

Ọmọ pàtẹ́wọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ gbì! nínú yàrá. Bàbá ló fi ọwọ́ òsì lu ara ògiri. Àwọn tí wọ́n ti ń tọ́jú aláìsàn fún ọdún mẹ́rin ni wọ́n, tí wọ́n mọ bí ilẹ̀kùn yàrá yẹn ṣe fẹ́lẹ́ tó, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni pé kò sí nílé, wọn ò sì fura mọ́.

Wọ́n sáré wọlé. Ojú bàbá là kedere.

“Dádì, ẹ má bínú,” ni ọmọ sọ, omi ti lé lójú rẹ̀. “Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lásán ni.”

“Gbé mi… dìde. Èmi… ni kí n… bi í.”

Wọ́n gbé e sórí àga, wọ́n tì í lọ sí pálọ̀. Akọ̀wé jókòó síwájú rẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀ láti òkè délẹ̀, bó ṣe máa ń wo àwọn tó wáṣẹ́.

“Kí… lo ń ṣe… lọ́dún… mẹ́rin?”

“Òwò ara mi…”

“Irọ́.”

Akọ̀wé fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ kọ̀.

“Mò ń wẹ ọkọ mi,” ló sọ. “Mò ń fá irùngbọ̀n rẹ̀. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹni tó tóbi ju ara ẹni lọ láìjẹ́ kó mọ̀ pé òun wúwo. Ó gbàgbé bí wọ́n ṣe ń pe ‘Akọ̀wé’, mo sì jókòó tì í lójoojúmọ́ títí ó fi rí i pè. Ìgbà mìíràn wà tí ó máa ń sú mi. Ó máa ń sú mi débi pé màá lọ sí balùwẹ̀, màá ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀, màá sunkún, kó má baà gbọ́.”

“Mò… ń gbọ́,” ni ọkọ rẹ̀ wí.

Ọmọ wọn bo ojú rẹ̀. Bàbá sinmi díẹ̀, ó ń wá ọ̀rọ̀, ọrùn rẹ̀ ń gan.

“Tó bá jẹ́… èmi. Lórí àga… yẹn. Mi ò ní… gbà ọ́.” Omi bọ́ lójú rẹ̀, ọwọ́ tó dára kò sì yára dé ibẹ̀. “Púpọ̀… ni mi ò… gbà. Sọ… ti ọ̀gbẹ́ni… ẹlẹ́rìn-ín… yẹn. Sọ ọ́… dáadáa.”

*

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan tó wọ gíláàsì ló jókòó sí àárín, ọkùnrin kan wà ní ọ̀tún rẹ̀, òmíràn wà ní òsì. Yàrá náà tutù nini, ó yẹ kó tutù, ẹ̀rọ amúlétutù ni wọ́n ń tà. Akọ̀wé ti kun irun rẹ̀ dúdú. Ó jókòó bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó sì dáhùn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n débi ọdún mẹ́rin, ó sọ ti òwò rẹ̀ láìkọsẹ̀, ọkùnrin ọwọ́ ọ̀tún tiẹ̀ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Obìnrin náà pa fáìlì dé. Akọ̀wé ti ń fa báàgì rẹ̀ mọ́ra.

“Ẹ ṣeun, Mà. Ẹ má bínú, ohun kan ló kù. Ọ̀gá wa máa ń pẹ́ níbi iṣẹ́, akọ̀wé rẹ̀ náà á sì pẹ́. Ṣé kò sí ẹnì kankan nílé tó ń fẹ́ ìtọ́jú yín?”

“Kò sí. Ọmọ mi ti wà nílé ọkọ.”

“Bàbá ńkọ́?”

Ó rí ọkọ rẹ̀ bó ṣe fi í sílẹ̀ láàárọ̀, tó fi ọwọ́ òsì bá a tún kọ́là ṣe, tó ń gbìyànjú láti fẹ́ èérí tí kò sí níbẹ̀ kúrò. Ojú ẹni mẹ́ta ń wò ó.

“Ara wọn le,” ni Akọ̀wé sọ. “Ara wọn le koko.”

Wọ́n ní kó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé.

Nínú bọ́ọ̀sì, ó yẹ kó pe ọmọ rẹ̀, ó yẹ kó pe Ẹ-Rẹ́rìn-ín. Kò pe ẹnì kankan. Ó di báàgì mú lórí itan, ó sì jẹ́ kí bọ́ọ̀sì gbé e kọjá ibi tó yẹ kó ti sọ̀.

Nígbà tó délé, nọ́ọ̀sì tó bá a jókòó ti bàbá lọ́jọ́ náà kí i, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bàbá ti yí àga rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

“Wọ́n… gbà ọ́?”

“Wọ́n gbà mí, Dádì. Mọ́ńdè ni mo máa bẹ̀rẹ̀.”

Ayọ̀ hàn lójú rẹ̀, ayọ̀ gidi ni. Ó na ọwọ́ òsì, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀.

“Wọ́n… bi ọ́… ta ló wà… nílé?”

Akọ̀wé wò ó. Kò tíì sọ ti ìbéèrè yẹn fún un. Ó wá yé e pé ọkọ òun mọ̀ ọ́n tipẹ́, pé ìbéèrè tí ọkọ òun náà máa ń fi pamọ́ di ìgbà tí àwọn obìnrin tó wáṣẹ́ bá ti fẹ́ dìde ni.

Ó lè sọ pé wọn ò bi òun. Ṣùgbọ́n irọ́ ti sú u lọ́jọ́ yẹn.

“Wọ́n bi mí.”

“Kí… lo wí?”

“Mo ní ara yín le.”

Bàbá wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó wà lórí itan.

“Ìdáhùn… tó dáa… ni,” ló sọ, ó sì yí ojú sí fèrèsé.

Akọ̀wé bọ́ aṣọ òde, ó gbé omi kaná bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́. Nígbà tó gbé e dé, tó fi aṣọ ìnura kọ́ èjìká, bàbá gbé ọwọ́ òsì sókè, ó dá a dúró. Kò wo ojú rẹ̀.

“Fi í… sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì… á wẹ̀ mí… lọ́la. Kó… mọ́ mi… lára.”

Akọ̀wé dúró pẹ̀lú omi lọ́wọ́.

“Mọ́ńdè ni mo ní mo máa bẹ̀rẹ̀,” ló sọ. “Lónìí, èmi ṣì ni.”

Ó kúnlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ sínú omi. Bàbá kò bá a jà. Ó bu omi sí i lẹ́sẹ̀, ó sì wẹ̀ ẹ́ tán.