Èémí Mẹ́ta Ràmọ́tà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó tì mí, ẹ fara balẹ̀. Ìtàn tí mo gbé wá kò ní ìjàpá, kò ní iwin. Obìnrin Ìjẹ̀bú-Òde kan ló wà nínú rẹ̀, àti àyà tó ń dùn ún. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ tán, ẹ ó bá mi gbórí sókè.

Ràmọ́tà lorúkọ rẹ̀. Aṣọ ló ń tà, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí wọ́n jọ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà. Ẹ mọ̀ pé ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan a máa tò lọ kí Ọba lójúde. Nínú ẹgbẹ́ tiwọn, olórí ní í ṣíwájú, ẹnikẹ́ni kì í rìn kọjá rẹ̀. Bí kò bá lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín, igbákejì a bọ́ síwájú, ipò sì di tirẹ̀ nìyẹn. Mobọ́lájí ni igbákejì, ọmọ Ìmùṣin, ẹlẹ́nu bí abẹ.

Lóṣù kẹfà ọdún 1985, òtútù àyà gbé Ràmọ́tà ṣánlẹ̀. Ọsibítù gún un lábẹ́rẹ́, ibà lọ, ikọ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí iná bá kú, a feérú bojú, eérú a sì máa gbóná. Oṣù kan kọjá, bó bá mí kanlẹ̀, àyà a gún un. Bó bá gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ lásán, àfi kó jókòó. Ó rò pé àìsàn mìíràn ló dé. Ó padà lọ, dókítà ya fọ́tò àyà rẹ̀, kò rí nǹkan tuntun. Nọ́ọ̀sì Matilda wá ṣàlàyé fún un pé ẹ̀dọ̀fóró tó ja irú ogun bẹ́ẹ̀ kì í tètè sinmi tán. Kó máa rìn díẹ̀díẹ̀. Bí àyà bá fún un, kó dúró, kó mí lẹ́ẹ̀mẹta, kó máa tú èémí jáde bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, kó tó gbẹ́sẹ̀. Bí ìrora bá le sí i, kó sáré padà wá.

Láràárọ̀ ni òun àti Fàtímọ̀ ọmọ rẹ̀ ń rìn. Lọ́sẹ̀ kìíní, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà Gbàdàmọ́sí tó ń rán fìlà. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n kọjá rẹ̀. Mobọ́lájí wá kí i, ó ní, “Ìyá Fàtímọ̀, wọ mọ́tò lọ́jọ́ tá a bá ń lọ kí Ọba. Kò sẹ́ni tó máa bú ọ.”

Ràmọ́tà rẹ́rìn-ín. “Ẹnu rẹ ni kó o gbé sí mọ́tò. Ó wúwo ju àyà mi lọ.”

Ọjọ́ pé. Ẹgbẹ́ gbéra. Wọn ò tíì rìn tó ogún ìṣísẹ̀ tí àyà fi fún un. Ràmọ́tà dúró. Nítorí pé ẹnikẹ́ni kì í kọjá olórí, gbogbo obìnrin ẹ̀yìn rẹ̀ dúró gbọnin. Mobọ́lájí sún mọ́ etí rẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ló ti ń retí àtisọ ọ̀rọ̀ yìí.

“Ṣé kí n bọ́ síwájú?”

Ràmọ́tà ò wẹ̀yìn. Ó na abẹ̀bẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sókè kí àyà rẹ̀ lè là. “Mò ń ka èémí mi ni. Bá mi mí.”

Mobọ́lájí wo òógùn tó ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀. Ó yíjú sẹ́yìn, ó sọ fún àwọn yòókù pé, “Abẹ̀bẹ̀ sókè. Ẹ̀ẹ̀mẹta.”

Abẹ̀bẹ̀ lọ sókè, ó bọ̀ wálẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n rin ogún ìṣísẹ̀, wọ́n tún dúró. Nígbà tó fi di ìdúró kẹrin, èrò ti dìde nílẹ̀. Bàbá arúgbó kan ní láti kékeré òun, òun ò rí obìnrin tó rìn báyìí rí, bí ẹni tó ni ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé èémí ni wọ́n ń wá. Nígbà tí wọ́n dé iwájú Ọba, tí Ràmọ́tà kúnlẹ̀ tí kò tètè dìde, àwọn èrò ní ẹ wo ọmọ tó mọ ìwà hù.

Lọ́dún kejì, ẹgbẹ́ mìíràn náà ń dúró, wọ́n ń gbé abẹ̀bẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà yẹn àyà Ràmọ́tà ti dá ṣáṣá, ó lè sáré dé Òdogbolú. Ó fẹ́ rìn lọ tààrà, Mobọ́lájí kọ̀ fún un. Ó ní tiwọn ni, àwọn ló kọ́kọ́ mí in.

Fàtímọ̀, tó gbé omi tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ló sọ ọ́ fún mi ní Ìbẹ̀fún. Èmi náà ti gbé e lé yín lọ́wọ́. Bẹ́ ẹ bá ń sọ ọ́, ẹ máa dúró mí.