Omi Búútà Lórí Yìnyín

Rahmah fa wáyà náà títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi yọ̀ lórí yìnyín, síbẹ̀ kò kúrò lára mọ́tò. Láti alẹ́ àná ló ti so ó mọ́ ìdí òpó iná àdúgbò kí mọ́tò oníná rẹ̀ lè máa gba iná sára. Wàyí o, wáyà ti le gbagidi bí ejò tí òtútù pa.

"Ó ti dì pa, Mummy. Bátìrì gan-an kò gba iná tó, òtútù ti jẹ ẹ́ tán."

Hàlímọ̀tù, ìyá rẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìborùn lórí ìborùn. Láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ láago lẹ́yìn ìrun àárọ̀ pé Àìṣát ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú, ọ̀rọ̀ ti wúwo lẹ́nu rẹ̀. Mọ́ṣáláṣí kan ní Catford ni òkú wà. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ní àwọn á dúró dè é díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ wẹ òkú kí ìrun ọ̀sán tó tó. Bọ́ọ̀sì kò rìn. Onítáásì gbà láti wá, kò yọjú.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí òun àti Àìṣát jọ ń fọ ilẹ̀ ọ́fíìsì ní Bermondsey, Àìṣát fi ọwọ́ tí ọṣẹ ti bó di tirẹ̀ mú. "Hàlímọ̀, bí mo bá ṣíwájú, má jẹ̀ẹ́ kí àjèjì wẹ̀ mí o."

"Ṣé wàá fi mí síṣẹ́ débẹ̀ náà ni?" Ni wọ́n bá rẹ́rìn-ín. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́.

Hàlímọ̀tù wọlé. Ìgbà tó jáde, búútà àlùwàlá rẹ̀ ló gbé dání, omi kún inú rẹ̀.

"Mummy! Iná nìyẹn o! Ẹ fẹ́ kó gbé wa ni?"

"Ṣebí o ti pa á."

"Mo pa á, ṣùgbọ́n omi gbígbóná á fọ́ ọ."

"Ta ní í da omi gbígbóná séèyàn lára?"

Rahmah wò ó, ó sún sẹ́yìn. Bí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ ìwẹ̀ òkú nínú ilé, ńṣe ló máa ń dìde kúrò níbẹ̀.

Hàlímọ̀tù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, orúnkún rẹ̀ ké. Ó ta omi sẹ́yìn ọwọ́ ara rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe lọ́ sí. Ó rọra dà á sí ibi tí wáyà ti dì mọ́ mọ́tò, láti apá ọ̀tún, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á. Ó bọ́ sí òsì. Ó padà sí ọ̀tún. Ó ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́. Yìnyín ń yọ́, ó ń kán, kò kánjú.

Nǹkan dún tọ́. Wáyà yọ.

"Á gbé wa débẹ̀," ni Rahmah wí nígbà tí wọ́n jókòó sínú mọ́tò, "bí a ò bá tan hítà."

"Má tan án."

Wọ́n gba Peckham Rye, wọ́n ń rọra pọ́n òkè Forest Hill, èémí wọn ń bo gíláàsì. Búútà wà lórí itan Hàlímọ̀tù. Ìwọ̀nba omi tó kù nínú rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ló bá fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú. Òun á wẹ Àìṣát, a dúpẹ́. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ kan ṣoṣo ló kù; ta ni yóò wẹ ìyẹn?

Iná pupa dá wọn dúró.

"Mummy." Rahmah kò wo ẹ̀gbẹ́. "Ṣé apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀?"

Hàlímọ̀tù yíjú sí i.

"Ọ̀tún ni. Kí omi má sì gbóná jù."

Ó gbé búútà náà kúrò lórí itan, ó gbé e sáàárín àwọn méjèèjì, níbi tí ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lè tó o.