Máàsinmi àti Ìrù Ẹfọ̀n

Ọdún 1954 ni, ẹ̀ẹ̀rùn ti mú gan-an. Wọn ò tíì bí mi. Oyún oṣù mẹ́fà ni mo jẹ́ nínú Rhoda ìyá mi nígbà tí òun àti Florence, ìyàwó ilé wa, lọ ká irúgbá lọ́nà Amuro. Ẹfọ̀n kan tí ọdẹ ti ṣe léṣe já lù wọ́n. Florence sáré gba ilé. Ìyá mi ò mọ bí òun ṣe dé orí igi.

Ọdẹ méjì ló tẹ̀lé Florence padà. Bámgbóṣé ni olórí ọdẹ wa, ṣakabùlà ló ń lò láti ìgbà èwe. Hezekiah kéré sí i. Òyìnbó oníṣòwò kan tí ó ti bá ṣiṣẹ́ rí ní Lọ́kọ́ja ló fún un ní ìbọn àtijọ́ kan nígbà tí òyìnbó náà ń padà sílùú rẹ̀. Irin kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí ọwọ́ ń tì síwájú tó sì ń fà padà, ọta mìíràn á ti wọlé. Máàsinmi la sọ ọ́. Bámgbóṣé máa ń fi ọta rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ pé ìka ọmọ ọwọ́ ló jọ. Mẹ́fà péré ló kù.

Iná ti jó igbó ibẹ̀, kò síbi tí ènìyàn lè fara pamọ́ sí. Ó tó igba ìṣísẹ̀ láti ibi tí àwọn ọdẹ dúró dé ìdí igi náà, níbi tí ẹfọ̀n ti ń ṣọ́ ìyá mi. Ṣakabùlà ò lè débẹ̀. Ẹ̀ka tí ìyá mi jókòó lé sì ti ń ké bí èyí tó fẹ́ ṣẹ́.

Hezekiah gbà pé kò síbi tí ìbọn òyìnbó ò lè dé. Ó wo èjìká ẹfọ̀n gan-an, ó yìn ín. Eruku sọ níwájú ẹran náà. Ó tún un yìn, ibì kan náà ni. Ẹ ṣáà mọ ọdẹ wa: bí ó bá fẹ́ kí ìbọn lọ jìnnà, ẹ̀tù ló ń bù kún un. Ọwọ́ Hezekiah ti ń wá ado ẹ̀tù ní ìbàdí kó tó rántí pé kò síbi tí òun máa dà á sí.

Bámgbóṣé ní, “Fi ado sílẹ̀, ìwọ Hezekiah. Ọta rẹ ń wálẹ̀ bí òkò ọmọdé. Wo òkè ẹ̀yìn ẹfọ̀n náà, èmi á máa bá ọ wo eruku.”

Ẹ̀kẹta bọ́ sí àárín ẹsẹ̀ ẹfọ̀n. Bámgbóṣé ní kó gbé e sókè díẹ̀ sí i. Ẹ̀kẹrin bà á níkùn, ṣùgbọ́n kò lágbára mọ́ nígbà tó fi débẹ̀. Ẹfọ̀n kàn yíjú padà ni, ó fi igi sílẹ̀, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Hezekiah ò sá. Ó fà á, ó yìn ín. Ó tún fà á, ó tún yìn ín. Bí ẹran náà ṣe ń sún mọ́ wọn ni ọta ń wọlé sí i. Èyí tó kẹ́yìn àti ṣakabùlà Bámgbóṣé dún pọ̀, ẹfọ̀n sì wó lulẹ̀ níwájú wọn.

Ìyá mi sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó kí wọn bí àwa ará Okun ṣe ń kíni: “Okun o, ẹ̀yin bàbá mi.”

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó pa ẹran ló ni ìrù rẹ̀. Bámgbóṣé gé e, ó nà án sí Hezekiah.

“Bàbá, eruku nìkan ni ìbọn mi ì bá pa. Ojú yín ló ṣe é.”

Wọ́n ń tì í síra wọn títí, ni Bámgbóṣé bá gbé e lé ìyá mi lọ́wọ́: “Ẹni tó wà nínú rẹ ni kó gbà á.”

Ìrù náà wà lára ògiri mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Irú tí ìyá mi bá kọ́kọ́ sè lọ́dọọdún, ilé àwọn ọdẹ méjèèjì ló ń lọ. Wọ́n ti kú, ìyá mi náà ti kú. Èmi ni mò ń gbé irú náà fún àwọn ọmọ wọn báyìí.