Àǹtí Kòrẹ́rìn-ín

Àràárọ̀ ni ọ̀gá ilé búrẹ́dì máa ń dá àpárá kan náà, ti ìyá ìyàwó rẹ̀ tó gun àkàbà tó kọ̀ tí kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Àràárọ̀ náà ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Obìnrin tó ń po ìyẹ̀fun nìkan ni kì í rín. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Àǹtí Kòrẹ́rìn-ín nìyẹn.

"Àǹtí, ẹ ṣáà fẹyín sí i," ni ọkùnrin tó ń dáná ààrò bẹ̀ ẹ́. "Ọ̀gá ti ń fojú sí yín lára o."

"Ìyẹ̀fun ni wọ́n gbà mí láti pò. Ọjọ́ tó bá pa mí lẹ́rìn-ín, mà á rín."

Wọ́n ní agídí ni. Agídí kọ́. Òun náà ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí, ẹnu rẹ̀ ló kọ̀ jálẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, àpò ìyẹ̀fun já bọ́ láti orí pẹpẹ, ó sì tú lé ọ̀gá lórí. Ọ̀gá funfun láti orí dé bàtà. Ó nujú, ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún ìyàwó mi pé ibi iṣẹ́ ni mo darúgbó sí."

Àǹtí bú sẹ́rìn-ín, ó rín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Inú ọ̀gá dùn dẹ́yìn, ló bá yíjú sí àwọn tó kù. Gbogbo wọn ń wo ojú rẹ̀ bóyá kí àwọn rín tàbí kí àwọn má rín.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọ̀gá wọlé, ó kí wọn, ó wojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì mẹ́nu ba àkàbà.