Tábìlì Ìgéṣọ

"Aṣọ ta ni o gé báyìí?"

Ìyàwó onísìmẹ́ǹtì ti di etí aṣọ ọmọ tí wọ́n ń pè ní Bọ́tìnì mú, ó ń fà á bí ẹni tó ń yẹ ọjà tí kò dá a lójú wò. Ọmọ náà kò ké. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ibi tí wọ́n bá ti fa aṣọ rẹ̀ sí ló ń bá a lọ.

"Aṣọ ìyá wọn ni," ni aránṣọ dáhùn. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé ká ní máṣíìnì iwájú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ni, kò sẹ́ni tí ì bá gbọ́ ọ.

"Mo kúkú mọ̀! Àbí kì í ṣe ojú mi ni wọ́n ṣe rà á? Àbúrò ọkọ mi ló ra aṣọ yìí fún ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ kú, a ní kí ẹ kó ẹrù rẹ̀ wá, ẹ ò kó o wá. Àṣé o ti ki àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́!"

"Àwọn ọmọ rẹ̀ ni mo rán an fún, mà. Kò tó aṣọ méjì. Ọgbọ́n ni mo fi gé e."

Òótọ́ ni kò tó. Òdòdó ńlá kan wà láàárín aṣọ náà. Ìdajì rẹ̀ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún aṣọ Akọ̀wé, ìdajì yòókù sí ẹ̀gbẹ́ òsì aṣọ Bọ́tìnì. Aránṣọ tó bá mọ iṣẹ́ dunjú á fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Òun náà mọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń wo aṣọ yẹn lórí tábìlì kó tó lè gé e.

Akọ̀wé ló dàgbà jù nínú àwọn ọmọ méjèèjì. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Inú ṣọ́ọ̀bù yìí ló ti gba orúkọ náà, torí òun ló máa ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sínú ìwé nígbà tí àǹtí rẹ̀ bá ń fi téèpù wọ̀n wọ́n. Ìwé náà wà lórí itan rẹ̀ báyìí lórí àga onígi tó wà lẹ́bàá ògiri. Kò wo ẹnikẹ́ni.

"Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ aṣọ sílẹ̀," ni òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ọmọdé wí. Obìnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, àga àwọn oníbàárà ló jókòó lé, ó gbé fáìlì sórí orúnkún. "Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ni ọ́fíìsì rán mi."

"Ẹ ṣeun, màdáàmù," ni onísìmẹ́ǹtì wí. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó sì dí ìmọ́lẹ̀. "Ohun tí mo ń sọ fún ìyàwó mi látàárọ̀ nìyẹn. Ọmọ ni ká sọ."

Òun ló kọ̀wé sí ọ́fíìsì. Ẹ̀gbọ́n bàbá àwọn ọmọ ni. Bàbá wọn fúnra rẹ̀ ti wá iṣẹ́ lọ sókè òkun láti ìgbà tí Bọ́tìnì ti ń rákò, fóònù rẹ̀ kò sì lọ mọ́. Ìyá wọn ló ń tọ́ wọn títí àìsàn fi gbé e dè. Oṣù mẹ́rin rèé tó ti kú. Láti ọjọ́ náà, ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ aránṣọ ni wọ́n wà, nínú yàrá kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Onísìmẹ́ǹtì kò yọjú lóṣù kìn-ín-ní, kò yọjú lóṣù kejì. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bímọ tuntun, tí ọmọ-ọ̀dọ̀ wọn sì sá lọ, ó rántí pé àbúrò òun ní ọmọ.

"Ẹ jẹ́ kí n wo yàrá náà," ni òṣìṣẹ́ wí.

Gbogbo wọn wọlé, àfi Akọ̀wé. Yàrá náà mọ́, ṣùgbọ́n agbára káká ló fi gba gbogbo wọn. Aránṣọ ti gbá a lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀. Fóòmù kan ni wọ́n gbé dúró ti ògiri, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dúdú díẹ̀. Ní ẹsẹ̀ ògiri náà, ilà omi kan rìn láti igun kan dé igun kejì.

"Òjò ni?" ni òṣìṣẹ́ bi í.

"Tó bá rọ̀ gan-an nìkan ni, mà. Ara ògiri ẹ̀yìn ló ń gbà wọlé. Tó bá ti ń ṣú, mo máa ń gbé wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù."

"Yàrá yìí!" Ìyàwó onísìmẹ́ǹtì pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Tí èèyàn bá jí tó ní kóun nara, ó ti gbá ògiri létí! Màdáàmù, ẹ wo ibi tó kó ẹ̀jẹ̀ wa sí. Yàrá mẹ́fà ló wà nílé wa o. Mẹ́fà!"

"Ìwọ náà, màá dá ọ lẹ́bi kẹ̀?" Onísìmẹ́ǹtì yíjú sí aránṣọ, ó sọ ohùn rẹ̀ di ti bàbá tó ń la ọmọ lójú. "Ọmọdé ni ọ́. O ò tíì délé ọkọ, o ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ. Ta ló máa wá fẹ́ ọ pẹ̀lú ọmọ méjì lẹ́yìn? Ojú àánú la fi ń wò ọ́."

Aránṣọ wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ pọ̀. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà ọ́fíìsì ti dé ló ti ń kó wọn jọ, tó ń tò wọ́n bí ẹni tó ń to bọ́tìnì sára aṣọ. Gbogbo rẹ̀ já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Wọ́n padà sí ṣọ́ọ̀bù. Òṣìṣẹ́ ṣí fáìlì rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ kọ ọ́ síbí pé ẹ fẹ́ gba ọmọ. Ọmọ kan lẹ kọ."

"Èyí tó dàgbà yìí ni." Ó fi àgbọ̀n júwe Akọ̀wé. "Èyí kékeré, ìyá ìyàwó mi tó wà ní ìlú kejì lè mú un fún ìgbà díẹ̀. Tí kò bá sì rọ̀ wọ́n lọ́rùn, ṣebí ìjọba ní ilé tí wọ́n ń kó irú wọn sí?"

"Irú àwọn wo?"

"Màdáàmù, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ."

Òṣìṣẹ́ kọjú sí aránṣọ. "Ẹ̀yin náà, ẹ sọ̀rọ̀. Látìgbà tí mo ti dé, ẹ ò tíì sọ gbólóhùn mẹ́wàá."

Bọ́tìnì ti rọra bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó onísìmẹ́ǹtì. Ó ti lọ fara ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí àga, ó ki ọwọ́ kan bọ inú apá aṣọ rẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn látọjọ́ tí ìyá wọn ti kú. Kì í jẹun tí Akọ̀wé kò bá kọ́kọ́ bu òkèlè. Kì í sùn tí kò bá gbé ẹsẹ̀ lé e. Òdòdó tí àlùmọ́gàjí pín sí méjì ti fẹnu ko ara wọn lára aṣọ wọn, ó wọ́ díẹ̀, apá kan ga ju èkejì lọ.

"Ẹ mú àwọn méjèèjì," ni aránṣọ wí.

"Kí lo wí?"

"Mo ní kẹ́ ẹ mú àwọn méjèèjì, sà. Ilé yín tóbi, òótọ́ ni. Èmi ò ní yàrá mẹ́fà. Tí ẹ bá máa mú wọn pọ̀, kí wọ́n jọ máa sùn, kí wọ́n jọ máa lọ sílé ẹ̀kọ́, màá di ẹrù wọn nísinsìnyí. Mi ò ní bá yín jà. Kẹ́ ẹ má ṣáà ti yà wọ́n."

Akọ̀wé gbé ojú sókè nígbà náà. Ó wo àǹtí rẹ̀, ó sì pa ìwé orí itan rẹ̀ dé.

Onísìmẹ́ǹtì wo ìyàwó rẹ̀. Ó la ẹnu, ṣùgbọ́n ìyàwó ti ṣáájú rẹ̀.

"Méjèèjì bíi ti báwo? Èyí tó ṣì ń tọ̀ sórí ibùsùn! Ta ló fẹ́ máa fọ ìtọ̀, èmi tí mo gbé ọmọ ọwọ́ dání? Èyí àgbà la sọ. Ìyẹn ti lè pọn ọmọ, ó ti lè jókòó ti ọjà fún mi. Kí ni kéékèèké yìí fẹ́ ṣe fún èèyàn?"

"Dákẹ́," ni ọkọ rẹ̀ wí láàárín eyín.

"Kí n dákẹ́ ṣe kí ni? Ṣé irọ́ ni mo pa?"

Bírò òṣìṣẹ́ ń rìn lórí ìwé. "Ó ti lè jókòó ti ọjà," ló ń tún wí jẹ́jẹ́ bó ṣe ń kọ ọ́. "Aago mélòó ló máa ń ti ilé ẹ̀kọ́ dé ọjà, màmá? Ilé ẹ̀kọ́ wo lẹ ti bá a gbàyè sí?"

"Ìyẹn... ká kọ́kọ́ jẹ́ kí ọmọ dé ná."

Òṣìṣẹ́ kọ ìyẹn náà.

Onísìmẹ́ǹtì rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ó na ìka sí aránṣọ. "O rò pé o gbọ́n. O dijú mọ́rí bí ẹyẹlé, o ń ti abẹ́ ilẹ̀ ṣiṣẹ́. Èmi àti ẹni tó ni ilé tí o háyà yìí jọ ń ṣọ̀rẹ́ ni. Nígbà tó bá lé ọ jáde, ká wo yàrá tí wàá kó ọmọ ọlọ́mọ sí!"

"Mo gbọ́ ìyẹn náà, ọ̀gá," ni òṣìṣẹ́ wí. Kò gbójú sókè. "Mo lè kọ ọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́."

Wọ́n jáde. Ìyàwó tutọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọ ọkọ̀.

Òṣìṣẹ́ náà kò rẹ́rìn-ín músẹ́ sí aránṣọ. Ó pa fáìlì dé. "Ẹ má rò pé ẹ ti borí. Omi ń wọ yàrá yẹn, ilẹ̀ sì làwọn ọmọ ń sùn. Mi ò ní kọ irọ́ sínú ìwé. Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ibùsùn tó ga kúrò nílẹ̀ ni kí n bá, tiwọn nìkan. Tí mi ò bá bá a, ọ́fíìsì á kó wọn, ibi tó bá sì ráyè ni wọ́n á fi kálukú sí."

Ọjọ́rú ni wọ́n wà.

Oníbàárà kan dé lọ́sàn-án, ó fẹ́ rán búláòsì. Aránṣọ na téèpù sí i léjìká. "Èjìká, mẹ́rìndínlógún," ló pè. Kò gbọ́ ìró bírò. Ó wẹ̀yìn. Akọ̀wé jókòó síbi tó wà látàárọ̀, ìwé wà ní pípadé. Aránṣọ gbé ìwé náà, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.

Nígbà tí oníbàárà lọ tán, Akọ̀wé sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, tí wọ́n bá ti ní àwọn gbà ńkọ́?"

Aránṣọ ń ká téèpù mọ́ ìka. Irọ́ tó dùn ń bẹ nílẹ̀ tó lè pa. Ó lè ní òun mọ̀ pé wọn ò ní gbà. Ṣùgbọ́n òun kò mọ̀.

"Ẹ̀ bá lọ," ló wí. "Ẹ̀yin méjèèjì."

"Ẹ ò sì ní bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi wá sílẹ̀?"

"Mi ò ní bẹ̀ wọ́n."

Ọmọ náà yí ojú sí ògiri. Omijé kọ́ ló wà lójú rẹ̀, ìbínú ni, aránṣọ kò sì ní ohun tó lè fi tù ú.

Ó dìde, ó lọ síbi tábìlì ìgéṣọ. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fún un lọ́jọ́ tó parí ẹ̀kọ́, pákó tó nípọn, tó gùn, tó fẹ̀ tó èèyàn kékeré méjì. Ojú àpá àlùmọ́gàjí àti ẹfun ṣọ́ọ̀kì kún un lára. Òun nìkan ni ohun tó níye lórí nínú ṣọ́ọ̀bù yàtọ̀ sí máṣíìnì. Ó kó aṣọ oníbàárà kúrò lórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi òṣùwọ̀n onígi lélẹ̀, ó nu ṣọ́ọ̀kì nù. Lẹ́yìn náà ló di etí kan mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá, síbi tí fóòmù àwọn ọmọ wà.

Tábìlì náà há sẹ́nu ọ̀nà. Ó tì í, ó fà á, kò lọ. Bọ́tìnì dúró, ó ń wò.

"Ibo lẹ ó ti máa gé aṣọ?" ni Akọ̀wé bi í láti ibi ògiri. Ohùn rẹ̀ ṣì le.

"Ilẹ̀."

"Ẹ̀yìn á máa dùn yín."

"Á máa dùn mí."

Akọ̀wé dìde lórí àga, ó wá, kò wo ojú àǹtí rẹ̀, ó sì gbé etí tábìlì kejì.

"Ẹ dà á dẹ̀gbẹ́," ló wí. "Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló máa gbà wọlé."